Èéfín Tí Mo Fi Ojú Wọ̀n

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé oògùn apakòkòrò tí ẹ máa lò báyìí, ẹ ò ní gbé e mì, wọn ò sì ní fi abẹ́rẹ́ gún un fún yín, ẹ̀rọ ni yóò sọ ọ́ di èéfín tí ẹ máa fà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀yin ni mo ń kọ̀wé yìí sí. Mo mọ ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn yín. Mo tún mọ ohun tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn ìbẹ̀rù náà: ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í bi ará ilé, ará àdúgbò àti fóònù léèrè pé irú nẹbuláísà wo, ìyẹn ẹ̀rọ èéfín náà, ló dára jù. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí mo rí gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mi ò sì lè dẹ́bi fún ẹnikẹ́ni, torí pé èmi fúnra mi ló wù láti gbà á gbọ́.

Ràfíátù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo àdúgbò Òkèrèwè ń pè mí. Kíláàsì karùn-ún ni mo ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ọkọ mi ti di olóògbé, mo sì ti padà sí agbo ilé wa, sọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ tí mi ò bá fi ojú ara mi rí i. Bí ọmọ bá ní òun ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, "Mú ìwé wá kí n rí i" ni mo máa wí. Ìwà yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ irọ́ púpọ̀ nídìí iṣẹ́ tíṣà. Nídìí àìsàn, òun gan-an ló kó bá mi.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ṣe mí. Mo lo oògùn rẹ̀ pé, mi ò fo ọjọ́ kan, wọ́n ní ó ti tán, ó sì tán lóòótọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ikọ́ náà lè lọ kó sì fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí láàárọ̀ pẹ̀lú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Díẹ̀ ni lákọ̀ọ́kọ́. Kò pẹ́, ó di ife kékeré kan láràárọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé, ó sì ń rùn. Mo ní ṣọ́ọ̀kì ni. Mo ní ọyẹ́ ni. Mo ní eruku ọ̀nà ni. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti mọ ikọ́ mi débi pé bí mo bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n á ti dákẹ́ kí n tó dé òkè.

Lọ́jọ́ kan, níbi tí a ti ń ṣe àdúrà òwúrọ̀ ní pápá ilé-ẹ̀kọ́, mo wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù, mo sì rí ẹ̀jẹ̀. Mo ká áńkáṣíìfù náà sínú àtẹ́lẹwọ́, mo ń bá àwọn ọmọ kọrin lọ, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohùn ara mi mọ́.

Bí mo ṣe délé tí mo sọ fún Màmá, gbogbo ilé dìde sí i. Àǹtí mi kan gbé oyin àti orógbó wá. Ẹlòmíràn ní àgbo ló máa tú u ká. Aáfà àdúgbò wa fún mi ní omi hàǹtú tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, mo mu ún. Aládùúgbò wa tó jẹ́ onígbàgbọ́ gbé òróró wá, mo fi pa àyà, torí pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í yan ilé tó máa wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá gbà gbọ́ ju gbogbo wọn lọ ni ooru. Á gbé ìkòkò omi gbígbóná sílẹ̀ níwájú mi, á já ewé efinrin sí i, á fi ìka ha róòbù lé e, á wá fi aṣọ ńlá bò mí mọ́ ọn lórí. Òun á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa ké pé, "Kí èéfín ẹ̀ pọ̀ o, Ràfíá! Èéfín tó bá pọ̀ ló ń wọnú!" Bí èéfín bá dínkù, á ní kí wọ́n gbé omi mìíràn wá. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé èéfín tó ṣú bo ojú ni oògùn ikọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Oṣù méjì ni mo fi ṣe èyí kí n tó gba ilé-ìwòsàn ńlá lọ. Ìlà gùn láàárọ̀ yẹn débi pé àwọn kan ti gbé àga tiwọn wá láti ilé. Mo gba káàdì, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bí mo bá sì ti wúkọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á rọra sún. Nígbà tó fi di ọ̀sán, èmi nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi, wọ́n ní kí n padà wá, mo padà wá, wọ́n tún ní kí n padà wá. Nígbẹ̀yìn, dókítà pè mí wọlé.

"Tíṣà, kì í ṣe jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ló padà," ló wí. "Àwọn ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró yín ló ti fẹ̀ jù, wọ́n ti dẹ̀. Ẹ ti rí gọ́tà tí kò ní ìdàgẹ̀rẹ̀ mọ́ rí? Omi á kàn dúró síbẹ̀ ni. Báyìí ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe ń dúró sínú yín, kòkòrò kan sì ti kọ́lé sí i. Kòkòrò náà lágídí."

Wọ́n fún mi ní oògùn mímu fún kòkòrò náà. Ó lọ, ó padà. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí mi lára. Ó lọ, ó padà. Ìgbà kejì tí wọ́n dá mi dúró ni mo pàdé obìnrin kan ní bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tèmi. Irú àìsàn mi ló ń ṣe é. Rọ́bà wà ní imú rẹ̀, rọ́bà náà so mọ́ sílíńdà atẹ́gùn gíga kan tó dúró sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, kò sì lè rìn jìnnà ju ibi tí rọ́bà náà gùn dé. Bó bá fẹ́ lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yí sílíńdà tẹ̀ lé e. Mo bi dókítà léèrè ìgbà tí wọ́n máa yọ ọ́ fún un. Ó gbé fọ́tò àyà mi sókè sí iná. Ó ní, "Apá ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró yín lọ́wọ́ ọ̀tún ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Èyí tó kù là ń dáàbò bò. Bí kòkòrò yìí bá ń jẹ ẹ́ lọ, ẹ̀yin náà máa nílò sílíńdà." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù rọ́bà yẹn ju ikú lọ. Mi ò sọ àsọdùn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀ láti dán wò: oògùn apakòkòrò tí wọ́n máa fi ẹ̀rọ sọ di èéfín, kó lè lọ bá kòkòrò náà nínú ilé rẹ̀. Oògùn náà ṣọ̀wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan la fi dúró dè é, ó gbówó lórí, gbogbo ẹbí ló sì dáwọ́ jọ kó tó wọlé. Páálí kan ni. Ìlò ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Dókítà ní bí èyí bá tán, òun ò mọ ìgbà tí òmíràn máa wọlé.

Nọ́ọ̀sì kan tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè ní Ìyá Ìbejì ló kọ́ mi bí mo ṣe máa lò ó. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ méjì kalẹ̀ sórí tábìlì. Èkíní tóbi tó búrẹ́dì alábọ́ọ́dé, ó wúwo, iná ló ń lò. Atẹ́gùn ló ń fẹ́ gba inú rọ́bà wá sínú ife kékeré kan, atẹ́gùn náà ló sì ń fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́. Èkejì kò ju fóònù àtijọ́ lọ, bátìrì ló ń lò, kò pariwo. Ó ní irin pẹlẹbẹ kan tó ní ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí, oògùn á máa gba ibẹ̀ jáde.

"Èkejì yìí dára, ó sì yá," Ìyá Ìbejì ní. "Ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ máa ń dí tí èèyàn ò bá fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, kì í ṣe gbogbo oògùn ló gbà, a ò sì tètè rí irin rẹ̀ rà níbí tó bá bàjẹ́. Aláriwo yìí ni kí ẹ gbé lọ. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba oògùn yín. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pààrọ̀ ẹ̀rọ láìsọ fún wa."

Mo ní mo ti gbọ́. Tíṣà ni mí, mo mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń sọ pé àwọn ti gbọ́.

Iwájú wọn ni mo ti fa ti àkọ́kọ́. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní oògùn tó ń la ọ̀nà èémí, wọ́n ní kí n jókòó ṣánṣán, kí n fi eyín di ẹnu rọ́bà mú, kí n máa mí jẹ́ẹ́jẹ́. Àyà mi há díẹ̀, ó tú. Oògùn náà korò ní ahọ́n. Ohun tó sì kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé èéfín rẹ̀ kéré. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń jáde, bí ìgbà tí èèyàn bá mí nínú ọyẹ́. Mo wo ẹ̀rọ náà pẹ̀lú gbogbo ariwo tó ń pa, mo ní lọ́kàn mi pé, "Kò sí nǹkan kan nínú èyí."

Nílé, ìṣòro iná bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í mú iná wá ní àkókò oògùn tèmi. Mo ń gbé ẹ̀rọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀run kan ní Lágeré tó máa ń tan jẹnẹrétọ̀. Mo máa jókòó sí igun, èmi àti àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fá orí, ẹ̀rọ mi á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta, gbogbo wọn á máa wò mí láti inú díńgí. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá ọmọ kíláàsì mi kan wọlé wá gẹrun. Ó rí mi pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu. Ó kí mi dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ rẹ̀ wá bá mi, ó ní bàbá òun ní kí òun lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ojú tì mí débi pé mi ò lè bínú.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ṣe é báyìí. Ní ọjọ́ Àìkú, àbúrò mi Sùlè wọlé láti Ìbàdàn. Fóònù àti ṣájà ni Sùlè ń tà, kò sì sí ẹ̀rọ tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á. Ó ti gbọ́ nípa ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀run, ó sì dùn ún. Ó yọ ẹ̀rọ funfun kan jáde láti inú páálí, iná aláwọ̀ sánmà wà níwájú rẹ̀. Ó bu omi sí i, ó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èéfín jáde! Ó jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò ìrẹsì. Ó kún etí ife, ó dà sórí tábìlì, ó ń yí gba ilẹ̀ lọ, ẹ̀rọ náà ò sì dún pínpín.

Màmá dìde dúró. "Alihamudu lilai! Ẹ̀rọ rèé o! Ràfíá, ìwọ náà wò ó. Èyí tí wọ́n fún ọ ní ọsibítù yẹn, uṣẹ́ kí ló ń ṣe?" Màmá ò fi èdè Ifẹ̀ sílẹ̀ rí, "uṣẹ́" ló ń pe iṣẹ́ títí di òní.

"Àǹtí, ẹ ò ní wá iná kiri mọ́," Sùlè ní. "Ẹ ṣáà ti ṣájì ẹ̀. Ìṣẹ́jú méje, ó ti parí. Omi ló ń gbọ̀n títí táá fi di kùrukùru. Gbogbo ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi ló ń yìn ín."

"Ṣé ó gba irú oògùn mi?"

"Ṣebí oògùn olómi ni? Kí ni kò ní gbà?"

Mo wo ti aláriwo tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Mo wo èéfín tó ń rìn lórí tábìlì. Ojú mi ló dájọ́. Nọ́ńbà Ìyá Ìbejì wà lórí fóònù mi, mo tiẹ̀ ṣí i. Mo ní bí mo bá pè é, á ní rárá, màá sì padà sí iwájú díńgí onígẹ̀run. Mo pa fóònù dé.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ara mi yá gágá, tàbí kí n sọ pé mo ní ó yá. Màmá máa ń jókòó tì mí, á máa fẹ́ èéfín tó bá fẹ́ ṣòfò padà sí mi nímú pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé ife náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí oògùn bá fẹ́ tán, pé ó máa ń hó bí ọṣẹ, pé ìkorò rẹ̀ kì í dé ahọ́n mi mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀, èmi tí mo ní ojú mi ni mo gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n èéfín ni mo ń wò.

Ní ọjọ́ keje, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláwọ̀ ewé padà. Màmá ní, "Ó ń fọ̀ ọ́ jáde ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń fọ̀ ọ́ jáde. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ibà gbé mi jókòó nínú kíláàsì, mo ní kí àwọn ọmọ máa kàwé sínú. Mo mọ̀ pé nǹkan ti yí. Màá pa á mọ́ títí di ọjọ́ Jímọ̀, ni mo sọ fún ara mi. Bóyá ara mi á ti yá nígbà yẹn.

Mi ò dé ọjọ́ Jímọ̀. Àtẹ̀gùn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ìgbésẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Kí n tó lo ẹ̀rọ Sùlè, mo máa ń dúró sinmi lẹ́ẹ̀kan kí n tó dé òkè. Ní ọjọ́ kọkànlá, mo gun mẹ́rin, ilẹ̀ yí mọ́ mi lójú. Mo jókòó. Mo fẹ́ fa èémí, kò sí ibi tó ń gbà wọlé. Àwọn ọmọ ti dákẹ́ lókè, wọ́n ń retí mi bí ìṣe wọn, mi ò sì ní ohùn tí mo lè fi pè wọ́n. Tíṣà kan tó ń gòkè bọ̀ rí ètè mi tó ti dúdú, ó ké. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀, ó ń fun hòǹ títí dé ilé-ìwòsàn.

Nígbà tí mo lajú, rọ́bà ti wà ní imú mi. Mo fọwọ́ kàn án. Mo fi ojú tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, mo rí sílíńdà. Mo sunkún láìsí ohùn.

Dókítà dé ní ọ̀sán, Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé e. Màmá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú báàgì ńlá rẹ̀. Dókítà wo fáìlì mi, ó mi orí. "Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lórí oògùn yìí, ó sì tún burú sí i. Tíṣà, ṣé ẹ̀ ń fà á déédéé?"

"Mi ò fo ọ̀kan."

"Ẹ̀rọ wo?" Ìyá Ìbejì ló béèrè.

Mo wo ojú rẹ̀. Mo rántí pé mo ti ní mo ti gbọ́. Mo ní, "Èyí tí ẹ fún mi ni."

Irọ́ ni mo pa, èmi tí mo máa ń ní kí ọmọ mú ìwé wá kí n rí i. Dókítà bá ṣí bírò rẹ̀. Ó sọ fún Ìyá Ìbejì pé kòkòrò náà ti borí oògùn, kí wọ́n dá a dúró, òun máa kọ ọ́ sí fáìlì kí ẹnikẹ́ni má tún fún mi mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Mo mọ ohun tó ń kọ. Ẹyọ oògùn kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé ni wọ́n ń pa rẹ́ níbẹ̀, ìtìjú sì di mí lẹ́nu pa.

Ìgbà yẹn ni Màmá ki ọwọ́ bọ báàgì. "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, kó má lọ fo ti ìrọ̀lẹ́ òní o. Mo ti gbé ẹ̀rọ ẹ̀ dání." Mo ṣẹ́jú sí i, kò rí mi. Ó gbé ẹ̀rọ funfun yẹn jáde, ó fi ìdí ìró rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀, ó gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Bírò dókítà dúró.

Ìyá Ìbejì bu omi díẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, ó tàn án. Èéfín yọ. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ìyá Ìbejì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ki ìka mi bọ omi tó kù nísàlẹ̀ ife. Ó gbóná díẹ̀.

"Irú èyí wà fún nǹkan tirẹ̀," ó ní, kò pariwo. "Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n tó ń gbọn omi, ó máa ń mú un gbóná, ó sì lè ba agbára oògùn yín jẹ́. Omi inú rẹ̀ ló sì máa ń yára gbé jáde, oògùn á kù sílẹ̀. Èéfín omi lẹ ti ń fà, Tíṣà. Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ mọ́kànlá."

"Ta ló ní kí ẹ ṣe é?"

Màmá ti ń la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo yára. Mo ní, "Ojú mi ni. Mo rí i pé èéfín rẹ̀ pọ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa oògùn náà rẹ́."

Dókítà fa ìlà lé ohun tó ti kọ. "Ìlò ọjọ́ méjìlá ló kù nínú páálí," ó ní. "A máa fi abẹ́rẹ́ kún un. Ká máa wò ó." Títí ilẹ̀ fi ṣú, Màmá ń ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n yọ rọ́bà ní imú mi. Mo ń ka èémí mi lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù ń bà mí pé èyí tó tẹ̀ lé e lè má wá. Ó ń wá. Nígbà tí mo padà sílé, iná ṣì wà bó ṣe wà. Sùlè, tó ti bẹ̀ mí títí ó fi sú mi, ló ronú kan sólà tó wà lórí mọ́ṣáláṣí ràtíbì àdúgbò wa, èyí tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn fi ń ṣiṣẹ́. Ìmáàmù gbà láìfọ̀rọ̀ gùn. Báyìí ni mo ṣe ń gbé aláriwo lọ sí apá àwọn obìnrin lẹ́yìn àsùbáà, mo tún ń padà lọ kí wọ́n tó kírun mọ́gàríbì. Ládàánì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Tíṣà, èmi àti ẹ̀rọ yín, ta ló ń pèrun nínú wa?" Lọ́jọ́ kan tí ìpèrun yá kí n tó parí, ó dúró, ó ní Ọlọ́run gbọ́ pé aláìsàn ń mí.

Màmá ń bá mi lọ. Òun ló ń fọ ife náà báyìí, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á fi omi tó ti hó ṣàn án, á sá a sórí aṣọ mímọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Aládùúgbò kan wá yá ẹ̀rọ náà fún ọmọ rẹ̀ tó ń wúkọ́, Màmá ní rárá, ó ní kó gbé ọmọ lọ síwájú dókítà, òun máa sìn ín lọ. Inú wọn bàjẹ́ sí wa fún ọjọ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú mọ́ṣáláṣí, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú ẹnu rọ́bà, ó wo èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, ó ní, "Ràfíá, èmi ni mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ sí ọ nímú." Rọ́bà wà lẹ́nu mi. Mo fi ọwọ́ òsì mi di tirẹ̀ mú títí oògùn fi tán.

Nígbà tí wọ́n tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, kòkòrò náà ti dínkù gan-an. Kò tán. Páálí mìíràn ti wọlé lẹ́yìn náà, bí mo bá fà á fún oṣù kan, màá sinmi fún oṣù kan. Mo ń wúkọ́ láràárọ̀, mo ń tutọ́, ó funfun. Mi ò rí ẹ̀jẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá mi wá láti Ìpetumodù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé irú àìsàn tèmi ló ń ṣe é ni. Kó tó jókòó ló ti yọ fóònù, ó fi fídíò ẹ̀rọ kan hàn mí, èéfín ń dà nínú rẹ̀ bí kùrukùru orí òkè. "Tíṣà, ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó! Èyí ni mo fẹ́ rà." Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀rọ Sùlè jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tàn án fún un, mo ki ìka rẹ̀ bọ omi ìsàlẹ̀ ife bí wọ́n ṣe ki tèmi. Mo ní kó lọ mú orúkọ oògùn rẹ̀ lọ́wọ́, kó lọ bi àwọn tó kọ ọ́ fún un pé ẹ̀rọ wo ló gbà á, kó sì pè wọ́n kó tó pààrọ̀ ohunkóhun, ì báà jẹ́ rọ́bà lásán. Mo ní bó bá sì ti pààrọ̀ rẹ̀, kó sọ, kódà bí ìtìjú bá ń ṣe é bíi kí ilẹ̀ gbé e mì.

Ó bi mí pé ṣé ara mi ti yá. Mo ní kó bá mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kejì, kó wá wo bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Ó wá. Ó dúró nísàlẹ̀, ó ń wò mí. Ìgbésẹ̀ mẹ́rìndínlógún ṣì ni. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń sinmi. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni, dókítà sì ní ìsinmi kejì yẹn kò ní kúrò mọ́, òun ni gbèsè tí ọjọ́ mọ́kànlá èéfín yẹn fi sílẹ̀. Mo sinmi àkọ́kọ́. Mo gòkè. Mo sinmi èkejì, mo di irin mú, mo mí sínú, mo mí síta, kò sí rọ́bà ní imú mi. Lókè, àwọn ọmọ ti dákẹ́.